Kí Ló Dé Tí Wákàtí Àlọ Kì Í Bá Ti Àbọ̀ Dọ́gba?

Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú láti Èkó lọ sí New York, tó sì fara balẹ̀ kà á, yóò rí ohun kan níbẹ̀ tó jọ àṣìṣe. Wọ́n ní ìrìn àlọ yóò gbà tó wákàtí 11 àti ààbọ̀. Wọ́n ní ìrìn àbọ̀ kò ju wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Pápákọ̀ òfurufú méjèèjì kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Irú bàálù kan náà ló ń lọ, òun náà ló ń bọ̀. Síbẹ̀, wákàtí kan gbáko ti dàwátì lórí ìwé.

Bó bá wá wo aago ìgbéra àti aago ìbalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á tún díjú sí i. Ká ní ìgbà ooru ni, tí bàálù gbéra ní Ìkẹjà laago 11 alẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì á sọ pé aago 5:30 ìdájí ni yóò balẹ̀ ní New York. Ẹni tó bá fi ìka kà á á ní wákàtí 6 àti ààbọ̀ ni. Nígbà tó bá ń bọ̀, yóò gbéra laago 4 ìrọ̀lẹ́, yóò sì balẹ̀ l'Ékòó laago 7:15 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tó ń fi ìka kà á á ní wákàtí 15 àti ìṣẹ́jú 15 ni. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì.

Bí ọ̀nà ṣe jìn tó, ọ̀tọ̀ ni. Iye wákàtí tí èèyàn yóò lò lórí rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Jíjìn ọ̀nà kì í yí padà. Wákàtí ló ń yí, ohun tó sì ń yí i kò ju mẹ́rin lọ: ipa tí bàálù gbà, afẹ́fẹ́ tó bá pàdé lókè, àkókò tó lò lórí ilẹ̀, àti aago ìlú tó ń lọ. Ẹni tó bá mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fi bírò àti ìwé ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìṣirò rẹ̀ kò sì ní jìnnà sí ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú.

Bí wọ́n ṣe ń wọn ọ̀nà ojú òfurufú

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe é, nítorí òun ló rọrùn jù. Àwọn onímọ̀ ti fi ìlà pín ayé lóòró àti níbùú, kó lè jẹ́ pé nọ́ńbà méjì péré la ó fi mọ ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí ìlú náà ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó. Pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà wà ní dígírì 6.6 sí àríwá ìlà yẹn. Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù wà ní dígírì 51.5. Nọ́ńbà kejì ń sọ bó ṣe jìnnà sí ìlà tó gba Greenwich kọjá tó. Ìkẹjà wà ní nǹkan bíi dígírì 3 sí ìlà oòrùn rẹ̀. Heathrow ò tilẹ̀ fi odindi dígírì kan kúrò lórí rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá dúró ní Ìkẹjà, tó kọjú sí àríwá, tó wá yà sí òsì díẹ̀ báyìí, Lọ́ńdọ̀nù ló dojú kọ.

Ẹ yọ 6.6 kúrò nínú 51.5, ó ku 44.9. Ẹ fi ìyàsósì díẹ̀ yẹn kún un, ó di dígírì 45. Dígírì 360 ni gbogbo àyíká ayé, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́jọ àyíká ayé ló wà láàárín Ìkẹjà àti Heathrow. Àyíká ayé sì tó kìlómítà 40,000. Ẹ pín in sí mẹ́jọ: kìlómítà 5,000. Kọ̀ǹpútà tó bá ṣe ìṣirò náà délẹ̀délẹ̀ kò ní sọ ohun tó jìnnà sí èyí. Kì í sì í ṣe àkọsẹ̀bá ni 40,000 yẹn fi rí géérégé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé ń gbé mítà kalẹ̀ láàárín ọdún 1790 sí 1799, ara ilẹ̀ ayé ni wọ́n ti yọ ọ́: wọ́n ní kí ọ̀nà láti góńgó àríwá ayé dé ìlà agbedeméjì jẹ́ kìlómítà 10,000.

Àwọn awakọ̀ òfurufú ní òṣùwọ̀n tiwọn. Wọ́n pín dígírì kan sí ọ̀nà 60, ìpín kọ̀ọ̀kan sì ni máìlì orí omi, nítorí pé ọwọ́ àwọn atukọ̀ òkun ni wọ́n ti jogún rẹ̀. Mítà 1,852 ni máìlì orí omi kan. Ti ojú títì kò ju 1,609 lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá béèrè bí New York ṣe jìnnà sí Èkó tó fi lè gba ìdáhùn mẹ́ta: kìlómítà 8,440, máìlì 5,245, tàbí máìlì orí omi 4,557. Ọ̀nà kan náà ni. Ẹni tí kò bá wo irú òṣùwọ̀n tí wọ́n kọ sẹ́yìn nọ́ńbà ló máa ń rò pé wọ́n ń parọ́ fún òun.

Ti New York kò rọrùn bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, nítorí kò sí lórí ìlà kan náà pẹ̀lú Èkó, ìyọkúrò lásán kò lè yanjú rẹ̀. Ẹ mú òwú. Ẹ fi orí rẹ̀ kan mọ́ Èkó lára máàpù róbótó, ẹ fi ìkejì mọ́ New York, kí ẹ fà á kó le. Ibi tí òwú náà bá gbà ni ọ̀nà tó kúrú jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orí òkun ni bàálù máa ń wọ̀ ní kété tó bá gbéra l'Ékòó. Òwú yẹn kò gba ibẹ̀. Àríwá ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí: ó gorí Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin àti Togo, ó kan etí Ghana lókè, ó la Burkina Faso, Mali àti Mauritania kọjá, apá etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà ló ti wá wọ Òkun Àtìláńtíìkì. Ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà náà ló jẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, aṣálẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Máàpù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi kọ́ sára ògiri kíláàsì kò sọ bẹ́ẹ̀. Tí èèyàn bá fi rúlà fa ìlà lórí rẹ̀ láti Èkó dé New York, Ghana ni ìlà náà yóò gbà lọ sí ẹ̀bá Senegal kó tó bọ́ sórí òkun. Ó gún régé lójú, àmọ́ ó fi nǹkan bíi kìlómítà 130 gùn ju ti òwú lọ. Ọ̀nà tó bá jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé ni àṣìṣe rúlà ti máa ń pọ̀ gan-an. Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Los Angeles, ìyàtọ̀ náà sún mọ́ kìlómítà 1,000. Ìdí nìyẹn tí èrò inú bàálù tó ń lọ sí Los Angeles fi máa ń yọjú wo ìta, tó á rí yìnyín Greenland nísàlẹ̀, táá máa ṣe kàyéfì pé kí lòun ń wá níbẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Ibi tí òwú gbà ni ọ̀nà tó kúrú jù, ṣùgbọ́n bàálù kì í tẹ̀ lé e délẹ̀. Ojú òfurufú ní ọ̀nà tirẹ̀ tí wọ́n ti là sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ sọ oríta kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n bá ní kó gbà ló gbọ́dọ̀ gbà, nítorí àwọn bàálù mìíràn wà níwájú, wọ́n wà lẹ́yìn, wọ́n wà lókè àti nísàlẹ̀. Bí ìjì àti àrá bá dí iwájú, àfi kó yí i ká.

Ẹ̀ńjìnnì náà tún wà níbẹ̀. Ẹ̀ńjìnnì méjì ni ọ̀pọ̀ bàálù tó ń ná òkun lónìí ní. Òfin sọ pé irú bàálù bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ibi tó lè balẹ̀ sí sílẹ̀ ju iye ìṣẹ́jú tí wọ́n là kalẹ̀ fún un lọ, ká ní ẹ̀ńjìnnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún un. Láti ọdún 1985 ni wọ́n ti ń sọ ìṣẹ́jú náà di púpọ̀ sí i, bí ẹ̀ńjìnnì ṣe ń dára sí i. Àwọn tó ń ṣètò ìrìn Èkó sí New York ní láti mọ bí erékùṣù Cape Verde, Azores àti Bermuda ṣe sún mọ́ ipa ọ̀nà wọn tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò gbàdúrà kí ọ̀rọ̀ débẹ̀.

Ohun tó máa ń fa ìyípadà jù lójijì ni ọ̀rọ̀ ìjọba. Ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù tí òwú fi hàn gba apá ìwọ̀ oòrùn Orílẹ̀-èdè Niger, kó tó kan Mali, kó la Algeria já, kó ré Òkun Mẹditaréníà kọjá, kó gba orí ilẹ̀ Faransé wọ Ìlú Ọba. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní Niger. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, wọ́n ti ojú òfurufú wọn pa. Àwọn bàálù tó ti wà lójú ọ̀nà ní láti yí padà tàbí kí wọ́n wá ibòmíràn gbà, wákàtí ìrìn pọ̀ sí i, epo tí wọ́n ń jó náà pọ̀ sí i, títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n tún un ṣí. Ní gbogbo àkókò yẹn, Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù kò fi mítà kan jìnnà síra wọn ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ti Helsinki àti Tokyo tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni bàálù máa ń gbà tẹ́lẹ̀, bíi wákàtí 9 àti ààbọ̀ ni wọ́n ń lò nígbà náà. Nígbà tí Rọ́ṣíà ti ojú òfurufú rẹ̀ mọ́ àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù lọ́dún 2022, ìrìn náà di nǹkan bíi wákàtí 13. Wọ́n ń gba òkè góńgó àríwá ayé nígbà mìíràn kí wọ́n tó débẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tó ń gbà, tí kì í dá a padà tán

A dé orí ìbéèrè tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ló ń mú wákàtí àlọ pọ̀ ju ti àbọ̀ lọ?

Àwọn kan á ní ayé tó ń yí ló fà á: ilẹ̀ ń yí lọ sí ìlà oòrùn, nítorí náà New York ló ń sáré bọ̀ wá pàdé bàálù tó ti Èkó lọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, àlọ ló yẹ kó yá ju àbọ̀, òdìkejì rẹ̀ la sì ń rí. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé afẹ́fẹ́ tí bàálù ń fò nínú rẹ̀ ń bá ilẹ̀ yí lọ ni. Bàálù tó dúró sójú kan ní Ìkẹjà náà ń yí pẹ̀lú ayé, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ rárá.

Afẹ́fẹ́ òkè ló fà á. Oòrùn ń mú agbedeméjì ayé gbóná, òpin ayé lókè àti nísàlẹ̀ tutù. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń ti ibí lọ sọ́hùn-ún, yíyí tí ayé ń yí sì ń tẹ ọ̀nà rẹ̀ kọ́rọ́, títí tó fi di pé ìlà oòrùn ló ń fẹ́ lọ. Ní nǹkan bíi kìlómítà 9 sí 12 sókè, níbi tí bàálù ńlá ti ń fò gan-an, afẹ́fẹ́ yìí á kóra jọ sí ọ̀nà tóóró, á máa sáré láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn láìsinmi. Jet stream ni àwọn awakọ̀ òfurufú ń pè é. Nígbà òtútù, tí òpin àríwá ayé tutù jù, tí ìyàtọ̀ àárín òun àti agbedeméjì ayé wá pọ̀ jù, ó lè sáré ju kìlómítà 300 lọ ní wákàtí kan.

Ẹni tó ń tu ọkọ̀ lójú odò mọ ohun tí mò ń wí. Apá kan náà ló fi ń tu àjẹ̀, bó bá ń bá odò lọ, á yá. Bó bá ń bá odò jà, á pẹ́. Bàálù tó ń ti Èkó lọ sí New York ń bá afẹ́fẹ́ jà. Èyí tó ń bọ̀ wálé ń bá a lọ. Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà náà ni ìjà yìí wà o. Ní ìtòsí Èkó, afẹ́fẹ́ òkè kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Lẹ́yìn tí bàálù bá ti kúrò lórí aṣálẹ̀, tó ń gun àríwá òkun lọ, ló ń kó sí i lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbè é. Ká ní bàálù ń sá kìlómítà 870 ní wákàtí kan nínú afẹ́fẹ́ tó dákẹ́ rọ́rọ́. Kìlómítà 8,440 yóò gbà á ní wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 42. Ká wá ní afẹ́fẹ́ tó ń dojú kọ ọ́ jẹ́ 70 tí a bá pín in káàkiri ọ̀nà. Eré tó ń sá lórí ilẹ̀ di 800, wákàtí á di 10 àti ìṣẹ́jú 33. Tó bá ń bọ̀, 70 yẹn ló ń tì í lẹ́yìn: eré rẹ̀ di 940, wákàtí á di 8 àti ìṣẹ́jú 59. Ìyàtọ̀ àlọ àti àbọ̀ ti lé ní wákàtí kan àtààbọ̀, a ò sì tíì fọwọ́ kan bàálù náà.

Ẹ tún wò ó dáadáa. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́, àlọ àti àbọ̀ papọ̀ jẹ́ wákàtí 19 àti ìṣẹ́jú 24. Pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ó di wákàtí 19 àti ìṣẹ́jú 32. Ìṣẹ́jú 8 ti lọ. Afẹ́fẹ́ kò dá gbogbo ohun tó gbà nígbà àlọ padà nígbà àbọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé wákàtí tí bàálù fi ń bá a jà pọ̀ ju wákàtí tó fi ń gbádùn rẹ̀ lọ. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ṣe le tó ni gbèsè yìí ń pọ̀ sí i.

Àwọn awakọ̀ máa ń wá afẹ́fẹ́ yìí kiri nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí ìlà oòrùn, wọ́n sì máa ń sá fún un nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, àní bó bá gba pé kí ọ̀nà wọn gùn sí i. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, nígbà tí ìjì kan tí wọ́n pè ní Ciara ń jà lórí Àtìláńtíìkì, bàálù British Airways kan ti New York dé Lọ́ńdọ̀nù láàárín wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56. Eré rẹ̀ lórí ilẹ̀ lé ní kìlómítà 1,300 ní wákàtí kan. Ìrìn náà máa ń gbà ju wákàtí 6 lọ lọ́jọ́ gbogbo.

Ẹni tó bá ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti Èkó kò ní rí ìyàtọ̀ tó tó báyìí. Láti gúúsù sí àríwá ni ọ̀nà tirẹ̀, ńṣe ni afẹ́fẹ́ òkè kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí wákàtí àlọ Lọ́ńdọ̀nù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àbọ̀ dọ́gba, tí ti Amẹ́ríkà kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́jú tó ń ṣòfò lórí ilẹ̀

Wákàtí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ti fífò nìkan. Ìgbà tí bàálù bá kúrò lẹ́nu géètì ni wọ́n ti ń kà á, ìgbà tó bá dúró pátápátá lẹ́nu géètì kejì ni wọ́n ń dá kíkà dúró. Láàárín rẹ̀ ni yíyí lọ sí ojú ọ̀nà ìgbéra, ìdúró lórí ìlà lẹ́yìn àwọn bàálù mìíràn, gígun òkè àti sísọ̀kalẹ̀ wà. Pápákọ̀ John F. Kennedy ní New York gbajúmọ̀ fún ìlà gígùn bẹ́ẹ̀. Èrò lè jókòó sínú bàálù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí táyà má tíì kúrò nílẹ̀.

Bàálù kì í sì í sá eré tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, bàálù tí kò bá tíì kọjá ẹsẹ̀ bàtà 10,000 sókè kò gbọdọ̀ sá ju máìlì orí omi 250 ní wákàtí kan, ìyẹn bíi kìlómítà 460. Ìdajì eré tó ń sá lókè ni.

Lórí èyí, àwọn ilé iṣẹ́ máa ń fi ìṣẹ́jú mélòó kan kún wákàtí tí wọ́n ń kọ. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba kò ka bàálù sí èyí tó pẹ́ àyàfi tó bá dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí àkókò tí wọ́n kọ. Ilé iṣẹ́ tó bá kọ wákàtí tó fẹjú díẹ̀ á máa dé “lásìkò” lójoojúmọ́. Bí awakọ̀ bá kéde pé àwọn fi ogún ìṣẹ́jú dé ṣáájú àkókò, tí gbogbo èrò sì pàtẹ́wọ́, ó lè jẹ́ ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n ti fi pamọ́ sínú ìwé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ta tíkẹ́ẹ̀tì ni.

Aago ta ni a fi ń kà á?

Aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ aago ìlú kọ̀ọ̀kan. Ti ìgbéra, aago ìlú tí a ti kúrò ni. Ti ìbalẹ̀, aago ìlú tí a dé ni. Ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan. New York wà ní dígírì 77 sí ìwọ̀ oòrùn Ìkẹjà, nítorí náà oòrùn ń fi nǹkan bíi wákàtí 5 pẹ́ kó tó débẹ̀.

Nàìjíríà kì í yí aago rẹ̀ látọdúndọ́dún. Amẹ́ríkà ń yí tirẹ̀: wọ́n ń sún un síwájú ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta, wọ́n ń dá a padà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá. Nígbà ooru, New York fi wákàtí 5 wà lẹ́yìn Èkó. Nígbà òtútù, ó di 6. Ìlú Ọba náà ń yí tirẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta àti ti oṣù Kẹwàá, nítorí náà Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ń lo aago kan náà nígbà ooru, Lọ́ńdọ̀nù sì ń fi wákàtí kan wà lẹ́yìn nígbà òtútù.

Ẹ wá padà sí tíkẹ́ẹ̀tì wa. Aago 11 alẹ́ Èkó, ẹ fi wákàtí 11 àti ààbọ̀ kún un: aago 10:30 òwúrọ̀ l'Ékòó. Ẹ yọ 5: aago 5:30 ìdájí ní New York. Ní ti àbọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́ New York jẹ́ aago 9 alẹ́ l'Ékòó. Láti ibẹ̀ dé 7:15 òwúrọ̀, wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 15 ni. Ọ̀rọ̀ tó díjú ti túká. Ẹ kọ́kọ́ sọ aago méjèèjì di ti ìlú kan ṣoṣo, kí ẹ tó kà á.

Lọ́ńdọ̀nù àti Salvador

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ, bàálù tó lọ tààrà la fi sọ ọ́. Ẹ wo Salvador, olú ìlú Bahia ní Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń ki Ṣàngó àti Ọ̀ṣun, tí ọ̀pọ̀ àwọn Àgùdà tó padà wá tẹ̀dó sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti gbéra. Bí a bá fi òwú wọ̀n ọ́n, nǹkan bíi kìlómítà 5,090 ni Salvador sí Èkó. Kò fi ọgọ́rùn-ún kìlómítà jìnnà ju Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ká ní bàálù ń ná an tààrà ni, ẹni tó jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní Ìkẹjà á wà ní Salvador kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àmọ́ ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń ná. Arìnrìn-àjò tó bá gba Addis Ababa yóò kọ́kọ́ fi kìlómítà 3,900 kọ ẹ̀yìn sí Bùràsíìlì, yóò padà la Áfíríkà kọjá fún kìlómítà 9,900 dé São Paulo, yóò tún wọ bàálù mìíràn fún 1,450 kó tó dé Salvador. Ẹ ṣe àròpọ̀ rẹ̀: ó lé ní kìlómítà 15,200, ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tí òwú fi hàn. Iye yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Singapore sí New York, tí í ṣe ìrìn bàálù tààrà tó jìn jù lágbàáyé lónìí, tó ń gbà ju wákàtí 18 lọ. Bí a bá fi àkókò ìdúró ní pápákọ̀ méjì kún un, ó ti ju ọjọ́ kan lọ. Ẹni tó bá wo máàpù nìkan kò lè mọ èyí. Ó ní láti wo ibi tí bàálù ń ná.

Bí ẹ ṣe lè ṣírò tiyín

Fún ìrìn tààrà, ẹ pín iye kìlómítà sí 870, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 45 kún un nítorí ìgbéra, ìbalẹ̀ àti yíyí orí ilẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù á fún yín ní bíi wákàtí 6 àti ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń lò. Bí ọ̀nà yín bá ré Àtìláńtíìkì kọjá lọ sí Amẹ́ríkà, ẹ fi nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kún un nígbà àlọ, kí ẹ sì yọ bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kúrò nígbà àbọ̀. Atlanta, tó wà ní kìlómítà 9,400 sí Èkó, á jẹ́ wákàtí 12 àti díẹ̀ ní àlọ, 11 ní àbọ̀. Nígbà òtútù, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín là díẹ̀ sí i.

Iye tí ẹ rí yìí, ti inú bàálù ni. Wákàtí mẹ́ta tí wọ́n ní kí èèyàn fi dé pápákọ̀ ṣáájú kò sí níbẹ̀. Ìlà àwọn aṣọ́bodè nígbà ìbalẹ̀ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdúró tí à ń dúró de ẹrù. Ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sọ pé yóò balẹ̀ l'Ékòó ní 7:15, bó bá yọ síta ṣáájú 8:30, ó ṣe oríire.

Nítorí náà, bí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ń bọ̀ láti òkè òkun, ẹ má ṣe jẹ́ kó sọ pé “wákàtí mẹ́wàá ni” fún ẹni tí yóò wa mọ́tò lọ gbé e. Ẹni yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí láti ìgbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù, á sì fi aago Èkó kà á. Aago ìbalẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i, kí ẹ kọ pé aago Èkó ni, kí ẹ sì kọ ọjọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó gbéra ní New York lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ Sátidé ló ń balẹ̀ ní Ìkẹjà.